Ẹni Tó Di Ìdí Igi Mú

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé mi kò já síbì kankan. Bí o bá ṣí i láti ilé ìdáná, afẹ́fẹ́ lo máa bá pàdé, àti pápá ìrèké àwọn Zanetti aládùúgbò wa lẹ́yìn ọgbà, àti ilẹ̀ nísàlẹ̀ tó jìn débi pé àwo tó bá bọ́ síbẹ̀, gbígbá là ń gbá a, a kì í ṣa á. Orí òpó gíga ni ilé wa wà, bíi gbogbo ilé àtijọ́ tó wà ní Ingham, ìlú wa, torí odò wa kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Nígbà kan, pèpéle onípákó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, tó fẹ̀, tó ga, tí a ti ń jẹun alẹ́. Col Draper ló kàn án. Òun náà ló pa ọkọ mi.

Àwọn èèyàn máa ń ní kí n má sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní jàǹbá ni. Jàǹbá kọ́. Lindsay ọkọ mi dúró nídìí ààrò lórí pèpéle náà, ó ń yí sọ́séèjì ọjọ́ ìbí ara rẹ̀, ni pèpéle náà bá já kúrò lára ògiri, ó sì gbé e lọ sísàlẹ̀. Ẹnjiníà tí ìjọba rán wá na ìka sí ibi tó ti já fún mi. Ìṣó lásán ni Col fi mú un mọ́ ilé, níbi tó yẹ kó ki bóòtù irin ńlá bọ̀. Ìṣó! Ọ̀lẹ ẹ̀dá. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ó wá dúró sí òdìkejì títì, ó di fìlà rẹ̀ mú láyà, mo sì ní kí wọ́n lé e. Wọ́n lé e lóòótọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ó kúrò nílùú, ó lọ ṣiṣẹ́ ìwakùsà ní Mount Isa, ibẹ̀ ni àìsàn ti pa á. Nígbà tí wọ́n wá sọ fún mi, abọ́ ni mò ń fọ̀. Mo fọ abọ́ mi tán.

Mo kan ilẹ̀kùn náà pa, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí Tegan, ọmọ mi kan ṣoṣo, fi bímọ, tí ọmọ náà sì ti ń sáré káàkiri.

Ó pè mí láti Brisbane. "Mọ́mì, mi ò lè gbé Darcie wá sílé tí ilẹ̀kùn kan ti ṣí sínú òfúrufú. Ọmọ yìí ò rí nǹkan kó má fà á."

"Mo ti kàn án pa."

"Kí lẹ fi kàn án? Ìṣó, àbí?"

Ó ní kí n jẹ́ kí wọ́n kọ́ pèpéle mìíràn, èyí tó dáa, kó tó di Kérésìmesì. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí n ta ilé náà, kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn, yàrá kan wà nísàlẹ̀. Yàrá kan! Èmi, Merle Hanrahan, nínú yàrá kan ní Brisbane, kí n máa gbọ́ bí aládùúgbò ṣe ń fọ eyín. Ilé yìí ni mo fẹ́ kú sí, mo sì fẹ́ kí ọmọ-ọmọ mi mọ òórùn rẹ̀ kí n tó kú. Bó ṣe di pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá agbaṣẹ́ṣe tí èèyàn lè fọkàn tán nìyẹn. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó rí ekòló, sísá ló máa sá, àmọ́ wàhálà mi ni pé n kò ráyè sá.

Èyí tó kọ́kọ́ wá kò bọ́ awò dúdú kúrò lójú, kò sì mú okùn ìwọ̀n dání. Inú ọkọ̀ ló ti yọrí.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, màmá," ló wí. "Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni."

"O ò tíì rí ẹ̀yìn ilé ọ̀hún."

"Ẹ̀yìn ilé wo ni mi ò tíì rí rí? Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn."

Mo ní ó dáa, ẹ̀yìn tiẹ̀ ni mo fẹ́ rí báyìí, kó yí i sí mi kó máa lọ. Ẹnìkejì dé, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó tilẹ̀ yin òdòdó mi, ṣùgbọ́n ó ní ìṣó òde òní lágbára ju bóòtù àtijọ́ lọ. N kò jẹ́ kó parí gbólóhùn náà tí mo fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Iris Quaife ló dárúkọ Nev Sorbello fún mi. Aládùúgbò mi ni Iris, ọ̀rẹ́ mi ni, ó sì jẹ́ ẹni tó máa ń mọ ọ̀rọ̀ kí ẹni tó ni ín tó mọ̀ ọ́n.

"Àwọn ló tún tèmi kọ́," ló wí. "Èèyàn gidi ni àwọn méjèèjì."

"Ta ni èkejì?"

"Ẹnìkejì rẹ̀ níbi iṣẹ́. Kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀." Iris họ ọrùn. "Ká sòótọ́, Merle, mi ò rántí bí ojú rẹ̀ ṣe rí. Ẹ̀yìn ilé ló máa ń wà. Àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́, mo ń gbọ́ hámà méjì."

Ẹnu kì í ti igi dúró, nítorí náà mo lọ wò ó fúnra mi. Mo fò sókè lórí pèpéle Iris bí ọmọ wẹ́wẹ́, mo tún fò lórí tàwọn ilé méjì mìíràn tí Nev ti ṣiṣẹ́, títí kan ti ìyàwó oníbúrẹ́dì. Mo mú iná tọ́ọ̀ṣì, mo rákòrò wọ abẹ́ wọn, obìnrin tí orúnkún ń dùn, mo ń ka bóòtù. Kò sí èyí tó yẹ̀. Ìyàwó oníbúrẹ́dì na ọwọ́ fà mí jáde, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àwọn méjì yẹn? Bí ẹ bá fẹ́, ẹ gbé ẹfọ̀n gùn ún."

Ọjọ́ tí Nev wá wo iṣẹ́, òjò ń ṣú ṣùgbọ́n kò rọ̀. Oṣù kọkànlá wa nìyẹn, ojú ọ̀run máa ń wúwo bí ìkòkò tí wọ́n fi ìdérí bò. Ọkùnrin kúkúrú ni, ó ti ń lọ sí àádọ́ta ọdún, ọwọ́ rẹ̀ gbòòrò bí ọkọ́. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé mo ní kó bọ́ ọ, ìyẹn sì dùn mọ́ mi nínú.

"Ìyá Tegan, ẹ jẹ́ ká ṣí ilẹ̀kùn yẹn," ló wí. "Ibi tó ti já ni mo fẹ́ rí."

A yọ ìṣó, a ṣí i. Ó wo àpá ara ògiri pẹ́. Ó fi àtàǹpàkò kan ihò ìṣó Col lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń kan ojú egbò. Lẹ́yìn náà ó yọ orí síta, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé, "Ibí ni?"

Ó tẹ́tí sísàlẹ̀. Ó mi orí.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" mo bi í.

"Ẹnìkejì mi ni."

Mo yọrí. Koríko ni mo rí, àti ọ̀pọ̀lọ́ kan tó jókòó bí olówó. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́, síbẹ̀ ewé ìrèké tó wà lẹ́bàá ọgbà ń mì, ibì kan ṣoṣo ló ti ń mì.

"Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀."

"Ojú ń tì í," ni Nev wí, ó sì fa okùn ìwọ̀n yọ.

Ó yẹ kí n lé e nígbà náà. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń wọn nǹkan, ó ń wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo bi í bóyá bóòtù ló máa lò, kò sọ pé kí n fọkàn balẹ̀, inú ọkọ̀ rẹ̀ ló lọ, ó gbé bóòtù kan wá, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó wúwo, ó tutù. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Òun nìkan ni mo rí tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Mo gbé tíì jáde, mo bi í pé ẹnìkejì rẹ̀ ńkọ́, ó ní ó ti wà lẹ́yìn ilé. Mo yí ilé náà ká, kò sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi nínú. Mo ní lọ́kàn mi pé ọ̀gbẹ́ni yìí fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó rí opó, ó rò pé orí ti ń dà mí láàmú. Mo wá gbé àga sí ojú fèrèsé ilé ìdáná kí n lè máa ṣọ́ ọ.

Ọ̀sán gangan ni. Ìtì igi tó máa mú pèpéle mọ́ ilé wà nílẹ̀, igi líle, tó gùn láti ìgun ilé kan dé èkejì. Ọkùnrin mẹ́ta ló yẹ kó gbé e. Nev bẹ̀rẹ̀, ó di orí rẹ̀ mú, ó ní, "Ó yá." Orí igi náà gbéra. Ìdí rẹ̀ náà gbéra. Kò sẹ́nì kankan nídìí rẹ̀, mo ń fi ojú mi méjèèjì wò ó. Kò gbéra bí nǹkan tí okùn ń fà. Bí nǹkan tí èèyàn gbé lé èjìká ló ṣe gbéra, ó rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé ẹni náà ń gbẹ́sẹ̀. Ó bá Nev yípo táǹkì omi, ó yẹra fún òkúta tó wà lọ́nà, ó sì gun àkàbà èkejì, tí ẹnikẹ́ni kò wà lórí rẹ̀, àkàbà náà ń dún ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí igi kan ògiri mi, gbogbo ilé gbọ̀n, tíì tó wà níwájú mi dà sílẹ̀.

Mo jókòó síbẹ̀ mo ń gbọ́ hámà méjì. Ti Nev ń dún, èkejì ń dá a lóhùn láti òdìkejì, ó ń falẹ̀, ó ń ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Iris wọlé bá mi pẹ̀lú àkàrà òyìnbó tó fi àgbọn yí lára. "Wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ náà nìyẹn," ló wí. "Kí ló ṣe ọ́? O funfun bí ìyẹ̀fun."

"Iris. Ta ló kọ́ pèpéle rẹ ti tẹ́lẹ̀, èyí tí Nev wó?"

"Col ni, ta tún ni? Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Lindsay, ẹ̀rù ba gbogbo àwa tó kọ́lé fún. Oníbúrẹ́dì náà wó tiẹ̀."

Kò mọ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Ó ń gé àkàrà. Ṣùgbọ́n mo ti dìde, mo ti ń sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn, orúnkún kò dùn mí mọ́.

"Nev Sorbello! Ta ló wà nídìí igi yẹn?"

Ó gbé hámà sílẹ̀. Èkejì dákẹ́ pẹ̀lú.

"Mo rò pé ẹ ti mọ̀," ló wí.

"Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ."

Ó jókòó sórí pákó. Ó ní yàrá kan náà ni òun àti Col jọ gbé ní Mount Isa, kò sì sí ìrọ̀lẹ́ kan tí Col kì í dárúkọ ọkọ mi. "Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ó sọ gbogbo ilé tó fi ìṣó kọ́ fún mi, ó ní kí n lọ tún wọn ṣe. Mo ní màá ṣe é. Èèyàn máa ń ṣèlérí fún ẹni tó ń kú lọ, ẹ̀yin náà mọ̀. Ilé Iris ni mo kọ́kọ́ dé. Mo gbé orí igi, mo fẹ́ lọ wá ẹni tó máa bá mi gbé ìdí rẹ̀, ni ìdí rẹ̀ bá gbéra."

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo sá wọ ọkọ̀. Mo jókòó síbẹ̀. Nígbà tó yá, mo padà wá, torí igi náà ṣì wà lókè. Ó ń dúró dè mí."

"O sì ń sọ fún gbogbo ayé pé ẹ̀yin méjì ni."

"Bí wọ́n bá bi mí, kí ni kí n sọ? Mi ò ní parọ́ fún yín, Ìyá Tegan. Irọ́ tó wọ ara ilé yìí ti tó."

Mo wo àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkàbà kejì. Koríko ibẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tẹ̀ bí ibi tí ẹsẹ̀ méjì dúró sí, ẹsẹ̀ ọ̀hún sì ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ bí mo ṣe ń wò ó.

"Báwo ló ṣe máa ń lọ?" mo bi Nev. "Kò sí nílé Iris mọ́. Kò sí nílé oníbúrẹ́dì."

"Bíà ni." Ojú ti òun náà láti sọ ọ́. "Ẹ mọ̀ pé bí igi bá ti dúró, onílé a máa fún àwọn òṣìṣẹ́ ní bíà. Iris gbé ìgò méjì jáde, ó rò pé ẹnìkejì mi wà lẹ́yìn ilé, ó ní, 'Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ wá mu.' Col mu tiẹ̀, ó lọ, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbi yòókù. Tiyín nìkan ló kù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin mọ ẹni tó jẹ́. Mo rò pé ẹ máa ní láti pè é lórúkọ, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín gbé e fún un."

"Bí n kò bá gbé e fún un ńkọ́?"

Nev yíjú sí ọgbà. Afẹ́fẹ́ kò sí, ewé ìrèké ń mì.

Ẹni tó bá ní kí n lé wọn lọ, kó rántí pé Kérésìmesì ń bọ̀, ọmọ mi ń dúró, igi ti wà lára ògiri. Mo jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n fi ń gbé òpó àti ìtì igi dúró, n kò jáde. Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ọ. Kò sí àní-àní pé iṣẹ́ tó dáa ni, mo bú u fún ìyẹn pẹ̀lú. Ó mọ̀ ọ́n ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí gbogbo igi dúró, Nev fọ ọwọ́, ó jókòó sórí ìtì igi kan, ó ń wo ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Mo ṣí ẹ̀rọ amómitutù. Ìgò méjì wà níbẹ̀, èmi ni mo rà wọ́n, n kò mọ ìdí tí mo fi ra méjì. Mo gbé ọwọ́ lé èkejì. Mo sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Mo gbé ọ̀kan fún Nev. Ó gbà á, ó wo ọwọ́ mi kejì, kò rí nǹkan kan níbẹ̀.

"Col Draper," mo wí. Ohùn mi ga, Iris lè gbọ́ ọ bó bá fẹ́. "Mo mọ̀ pé o wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí o gbé ti àkọ́kọ́ dúró, mo fún ọ ní bíà. Ọwọ́ yìí ni mo fi gbé e fún ọ. O mu ún, o nu ẹnu, o ní 'ẹ ṣé gan-an, Merle', o sì mọ̀ pé ìṣó lo kàn sí ibi tí ọkọ mi máa dúró lé. Èyí tó o mu lọ́wọ́ mi ti tó. O fẹ́ lọ sinmi? O ò ní sinmi. Di ilé mi mú."

"Ìyá Tegan," ni Nev wí, "ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́."

"Ó ti rẹ èmi náà."

Igi náà dún. Ó dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, bí ìgbà tí alábàárù ti èjìká bọ abẹ́ ẹrù, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ pa rọ́rọ́. Nev gbé bíà rẹ̀ sílẹ̀ láìṣí i.

Òun nìkan ló kan pákó ìyókù. N kò gbọ́ hámà kejì mọ́. Ó ń fa pákó lọ, ó ń fà á bọ̀, òógùn ń bọ́ lára rẹ̀, nígbà tó sì parí, kò jẹ́ kí n bá òun dé ẹnu ọkọ̀. Ó wí pé, "Ẹ ní pèpéle tí kò ní mì láéláé," kò sì rẹ́rìn-ín bó ti sọ ọ́.

Kò mì lóòótọ́. Mo ń jáde síbẹ̀ láràárọ̀ pẹ̀lú tíì mi, mo ń fi gìgísẹ̀ lu pákó gbì gbì. Ibì kan wà láàárín tó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi kí oòrùn tó yọ, ibi méjì ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí ibi tí àtẹ́lẹwọ́ wà. Ibẹ̀ gan-an ni mo máa ń dúró sí. Inú mi dùn. Bó bá burú kí n sọ bẹ́ẹ̀, ó burú. Ajá Iris kò jẹ́ sún mọ́ abẹ́ ilé mọ́. Mo ra ìkòkò òdòdó, mo tò wọ́n síbẹ̀; mo tún ra òmíràn tó tóbi, tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe, ọkùnrin méjì ló gbé e gòkè. Mo ní kí wọ́n gbé ààrò onírin wá, àti tábìlì òkúta.

"Merle, ṣé ọjà òdòdó lo fẹ́ ṣí ni?" Iris bi mí. "Àbí o fẹ́ mọ ibi tí agbára rẹ̀ máa pin sí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Kérésìmesì ku díẹ̀ nígbà tí Tegan dé. Ó gbé ẹsẹ̀ kan kọjá ìloro ilẹ̀kùn bí ẹni tó fẹ́ wọ odò, ó gbé èkejì. Ó dúró. Ó fò sókè. Ó dì mọ́ mi, ó ń sunkún, ó ní, "Mọ́mì, ó dúró digbí." Darcie ti ré kọjá láàárín ẹsẹ̀ wa, ó ń sáré yí ìkòkò òdòdó ká. Mo ti ní ohun tí mo fẹ́ láyé. Mo ń dá ara mi lójú pé mo ti ní in.

Òjò rọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tó dá, Tegan wọlé lọ gé ẹran fún oúnjẹ. Darcie dojúbolẹ̀ lórí pákó, ó fi ojú kan sí àlàfo. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ̀rọ̀ kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe èmi ló ń bá sọ ọ́.

"Ta ló wà níbẹ̀?" mo bi í, mo sì mọ̀.

"Bàbá kan ni. Ó ń gbé ilé."

"Jẹ́ kó máa gbé e."

"Ìkòkò yín yìí wúwo jù, Màmá." Kò gbé ojú kúrò ní àlàfo náà. "Kò lè dá a gbé mọ́. Bàbá kejì ti wá bá a."

Mo gbé ife tíì mi sílẹ̀. "Bàbá kejì wo?"

"Èyí tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé Ẹyẹlé wà nílé."

Kò sí ẹ̀dá alààyè tó mọ orúkọ yẹn. Lindsay nìkan ló ń pè mí ní Ẹyẹlé, kò sì jẹ́ pè é létí ẹnikẹ́ni, Tegan gan-an kò gbọ́ ọ rí. Mo wólẹ̀ sórí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà. Bí Lindsay ṣe rí nìyẹn. Kò lè rí ẹni tó gbé ẹrù kó má ti èjìká bọ̀ ọ́, ì báà jẹ́ ẹni tó pa á. Èmi ni mo sì ń ra ìkòkò, èmi ni mo ń fi gìgísẹ̀ lù ú láràárọ̀.

Mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan pákó. Ibi mẹ́rin ló gbóná.

Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé bí n kò bá gbé bíà yẹn fún Col láéláé, Lindsay á máa wà níbí. Màá máa jáde wá bá a láràárọ̀. Màá kó ìkòkò kúrò, màá máa rìn jẹ́jẹ́. Ta ni yóò mọ̀? Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ibi tó gbóná, mo sì ń ronú nípa rẹ̀ bí olè ṣe ń ro ilé onílé.

"Wọ́n ń làágùn," ni Darcie wí. "Àwọn méjèèjì."

Mo dìde. Ó pẹ́ kí n tó dìde tán. Mo ní kí Tegan wá mú ọmọ rẹ̀ wọlé. Mo kó ìgò méjì nínú ẹ̀rọ amómitutù, èyí tó kù àti èyí tí Nev kò mu, mo gba iwájú ilé sọ̀kalẹ̀, mo yí i ká lọ sí abẹ́ pèpéle náà. Omi òjò ṣì ń kán láti àlàfo pákó, ó ń kán síbi gbogbo, àfi ibi méjì láàárín tí kò ti kan ilẹ̀. N kò rí ẹnikẹ́ni. Mo gbọ́ èémí. Ọ̀kan nínú wọn, mo ti sùn tì í fún ọgbọ̀n ọdún, n kò lè ṣì í mọ̀.

"Lindsay," ni ẹnu mi fẹ́ pè. Mo gbé e mì.

Mo ṣí ìgò méjèèjì, ìfófòó dà sí mi lápá. Col ni mo kọ́kọ́ pè, mo ní kó wá mu, torí mo fẹ́ kí Lindsay pẹ́ díẹ̀ sí i.